Táíwò Tí A Rán Níṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ́ṣẹ́ Ní Ìlú Ìbejì Lókè Òkun

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ní Imota)

  A kò ní gùn jù, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, àwọn mìíràn sì ń bọ̀ wá lọ wọṣẹ́.

Ìbéèrè kan ń wọlé sí ìgbìmọ̀ wa lemọ́lemọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń bi wá pé: ǹjẹ́ òótọ́ ni pé ìlú kan lè bá ìlú mìíràn lókè òkun ṣe àdéhùn, kí òṣìṣẹ́ ibí lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ó sì padà wálé? Ǹjẹ́ ó yàtọ̀ sí ti àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí wọ́n ń ṣèlérí Jámánì fún un, tí ọmọ náà sì ń bá ara rẹ̀ nínú aṣálẹ̀ Líbíà? Ìdáhùn wa ni pé òótọ́ ni, ó sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò sí nínú orúkọ tí wọ́n pè é. Ó wà nínú ìwé àdéhùn, ó wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, ó sì wà nínú ohun tó ń dúró de òṣìṣẹ́ náà nílé nígbà tó bá dé. Ohun tí a wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ.

KÍ NI ÌLÚ ÌBEJÌ?

Ọ̀rọ̀ ìbejì kì í ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá. Gbogbo wa la mọ̀ pé Táíwò ló ń kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni àgbà. Kẹ́hìndé ló rán Táíwò pé kí ó lọ tọ́ ayé wò fún òun. Nígbà tí Táíwò bá débẹ̀, yóò ké. Igbe yẹn ni ó fi ń jíṣẹ́, òun ni Kẹ́hìndé sì ń gbọ́ kí ó tó tẹ̀lé e. Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ìlú ìbejì ni ìlú méjì tí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò máa ṣe ọ̀rẹ́, pé àwọn yóò máa bẹ ara wọn wò, àti pé ohun tí ọ̀kan bá mọ̀, yóò fi kọ́ èkejì. Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ àṣà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Coventry jẹ́ ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Bọ́ǹbù àwọn ọmọ ogun Hitler wó o lulẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1940. Stalingrad ní Rọ́ṣíà náà rí ogun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín 1942 àti 1943. Ní ọdún 1944, ìlú méjèèjì di ìbejì. Ẹni tí iná ti jó rí ló mọ bí iná ṣe ń jóni. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1956, Ààrẹ Eisenhower pe àwọn ìlú Amẹ́ríkà jọ pé kí wọ́n lọ wá ọ̀rẹ́ káàkiri ayé, àṣà náà sì gbilẹ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ní ọdún 1974, Èkó di ìbejì Atlanta ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún kan náà, Ìbàdàn di ìbejì Cleveland. Ẹ rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà: Èkó ṣì ni olú-ìlú Nàìjíríà, Mobolaji Johnson sì ni gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní Atlanta, oṣù kìíní ọdún náà gan-an ni Maynard Jackson gorí àléfà, ọmọ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ olórí ìlú náà. Lóòótọ́, orúkọ Èkó ni wọ́n kọ sínú ìwé, kì í ṣe orúkọ Imota. Ṣùgbọ́n Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Imota ti wà nínú Ìpínlẹ̀ Èkó láti 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ìlú tó ń fi ìrẹsì àti òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí Èkó lójoojúmọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: ìbejì Èkó dà, kí ló sì ń ṣe fún wa?

TA NI Ń RÌNRÌN ÀJÒ?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ láàárín ara wa. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, bí ìlú méjì bá di ìbejì, àwọn aláṣẹ ló ń wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọn a lọ, wọn a jẹun, wọn a ya fọ́tò, wọn a fún ara wọn ní àwo tí a kọ orúkọ ìlú sí lára, wọn a sì padà. Ẹni tó ń jórin ní Odogunyan àti ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìlú òun ní ìbejì. A kò sọ pé kí àwọn aláṣẹ má lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbejì tó bá mọ sí àárín agbádá àti kóòtù, ìbejì orí ìwé lásán ni.

Kò sì pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Gunjur jẹ́ ìlú àwọn apẹja létí òkun ní Gáḿbíà. Ìlú kékeré ni, kò sí ẹni tí yóò pè é ní olú-ìlú. Ní ọdún 1982, ó bá Marlborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà jẹ́ ìlú ọjà kékeré, dì í ní okùn ọ̀rẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ láti ìhà méjèèjì, tí wọ́n ń gbé nílé àwọn ará ìlú, kì í ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ní Siẹrra Leone, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró, ìlú Bo bá Warwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dì í bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1981. Ogun abẹ́lé jà ní Sàró láti 1991 títí di 2002, síbẹ̀ okùn náà kò já. Kí ló dé tí kò já? Nítorí pé àwọn ará ìlú ló mú un lọ́wọ́, ènìyàn sí ènìyàn. Bí alága bá kúrò lórí àléfà, àdéhùn tó jẹ́ ti alága nìkan a bá a lọ. Àdéhùn tó jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará ilé wọn a máa pẹ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Imota kéré jù. Gunjur kò tóbi jù wá lọ.

OHUN TÍ Ó TÓ KỌ́

Kí ni òṣìṣẹ́ Imota fẹ́ lọ kọ́? Ẹ wo àyíká wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìpínlẹ̀ Èkó níhìn-ín ní Imota. Ẹ̀rọ ibẹ̀ jẹ́ ìlà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pa tọ́ọ̀nù ìrẹsì 16 ní wákàtí kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32. Ẹ̀rọ tó tóbi tó báyìí kì í ṣe ọlọ tí a ń ta omi sí. Ó ní apá tó ń fẹ́ ìdọ̀tí kúrò, apá tó ń gbẹ ìrẹsì, apá tó ń bó èèpo, apá tó ń dán an, àti apá tó ń fi iná yẹ hóró kọ̀ọ̀kan wò. Bí apá kan bá dúró, gbogbo rẹ̀ dúró, òṣìṣẹ́ á sì jókòó. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tú, tó mọ̀ ọ́n tò, tó lè gbọ́ nínú ariwo rẹ̀ pé béárìn kan fẹ́ bàjẹ́ kí ó tó bàjẹ́, ẹni náà kì í ṣe lébìrà mọ́. Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ kan lé e dànù. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tàbí oṣù mẹ́fà ní ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ náà, tàbí ní ilé iṣẹ́ ìrẹsì tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, lè fún òṣìṣẹ́.

Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan ni ìbejì wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ìpínlẹ̀ Kebbi fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìrẹsì. Kebbi ní ilẹ̀ àti àgbẹ̀, Èkó ní ọjà. Kí ọdún náà tó parí, ìrẹsì tí wọ́n pè ní Lake Rice ti wà lórí àtẹ. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àdéhùn tó dára ni èyí tí olúkúlùkù mú ohun tí èkejì kò ní wá. Bí ìhà kan bá jẹ́ pé àánú ló fẹ́ ṣe, tí ìhà kejì sì jẹ́ pé ọwọ́ ló fẹ́ nà, ìbejì kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbọ́ tiyín. Ní 17 oṣù kẹta ọdún 2008, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Máìlì 12 dé CMS, ìrìn kìlómítà 22. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò jókòó sílé ronú kàn án. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ lára Curitiba ní Bùràsíìlì, tí ó ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láti ọdún 1974, àti lára Bogotá ní Kòlóḿbíà, tí ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2000. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé aṣọ Bogotá wọ Èkó láìgé e. Wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ ara wa, mọ́ òpópónà wa àti mọ́ àpò wa. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ náà kò dúró níta: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn NURTW dá sílẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wa bọ́ọ̀sì náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ọ̀nà BRT dé Ìkòròdú. Ohun tí ìlú mìíràn mọ̀ lè wọlé tọ̀ wá, bí a bá lọ wò ó pẹ̀lú ojú ẹni tó fẹ́ padà wá lò ó. Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé àwọn ọ̀gá àti àwọn tó ń ya àwòrán ọ̀nà nìkan ni yóò máa lọ wò ó, àbí ẹni tó ń di ọwọ́ mọ́ sítíárìn náà yóò lọ.

ÌTÀN TÍ Ó YẸ KÍ Ó BÀ WÁ LẸ́RÙ

Nísinsìnyí, a fẹ́ sọ ìtàn kan tí kò dùn. Kì í ṣe láàárín ìlú méjì ló ti ṣẹlẹ̀, àárín ìjọba méjì ni. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni ó ṣẹlẹ̀ sí, nítorí náà ó kàn wá.

Ní oṣù kejì ọdún 1979, ìjọba Mòsáḿbíìkì àti ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn ṣe àdéhùn pé kí àwọn ọ̀dọ́ Mòsáḿbíìkì lọ kọ́ṣẹ́ kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Orúkọ rere ni wọ́n pè é: ọ̀rẹ́, ìrànlọ́wọ́ láàárín òṣìṣẹ́ àgbáyé. Àwọn tó lọ lé ní 15,000. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ, ní kòtò èédú, nídìí oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Wọ́n sọ fún wọn pé apá kan nínú owó iṣẹ́ wọn yóò lọ sílé, pé wọn yóò gbà á nígbà tí wọ́n bá padà. Owó náà kò lọ sí àpò ẹbí wọn. Wọ́n fi san gbèsè tí ìjọba Mòsáḿbíìkì jẹ Jámánì Ìlà-Oòrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tí a ṣèlérí iṣẹ́ ọwọ́ fún, iṣẹ́ tí kò nílò ẹ̀kọ́ kankan ni wọ́n fún wọn. Obìnrin tó bá lóyún, ohun méjì ni wọ́n fi síwájú rẹ̀: kí ó ṣẹ́ oyún náà, tàbí kí wọ́n dá a padà sílé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, ògiri Berlin wó. Ní ọdún 1990, Jámánì méjèèjì di ọ̀kan, ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé náà sì pòórá. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà padà sí Mòsáḿbíìkì tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ tí ì bá lo ìmọ̀ wọn kò sí. Owó tí wọ́n ní ó ń dúró dè wọ́n kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n ń pe àwọn ènìyàn náà ní Madgermanes. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń yan ní òpópónà Maputo ní ọjọ́rú, tí wọ́n ń béèrè owó òógùn wọn, tí irun wọn fi funfun lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kí ló ṣe wọ́n? Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Kì í ṣe pé òkè òkun burú. Ohun tó ṣe wọ́n ni pé àwọn ẹlòmíràn kọ ìwé náà, àwọn ẹlòmíràn di owó náà mú, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé tó pèsè àyè fún ìpadàbọ̀ wọn. Wọ́n rán Táíwò lọ, Kẹ́hìndé kò sì tẹ́tí sí igbe rẹ̀.

ÌWÉ ÀTI ÒFIN TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Àìmọ̀wé òfin kò gba òṣìṣẹ́ là. Ẹ jẹ́ kí a ka díẹ̀ nínú rẹ̀.

Èkíní, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 1974, ní orí keje, sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti bí wọn yóò ṣe máa san án. Òfin kan náà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa gba owó láti bá ènìyàn wá iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, bí aṣojú kan bá wá bá yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè láísẹ́ńsì rẹ̀. Àjọ ILO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ kọkànlélọ́gọ́sàn-án ti ọdún 1997 pé kò yẹ kí aṣojú bẹ́ẹ̀ máa gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rárá. Bí ẹ bá fura pé ẹnìkan fẹ́ ta ọmọ yín sí oko ẹrú, àjọ NAPTIP wà fún un láti ọdún 2003.

Èkejì, ìwé ILO kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún ti ọdún 1949 sọ pé òṣìṣẹ́ tó wọ orílẹ̀-èdè kan lọ́nà òfin gbọ́dọ̀ gba owó tí ọmọ ìbílẹ̀ ń gbà fún iṣẹ́ kan náà, ó sì lè wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 1960. Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì náà fọwọ́ sí i. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹta, nítorí pé Atlanta ni ìbejì Èkó, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà Amẹ́ríkà. Físà tí wọ́n ń fún ẹni tó ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ni J-1, òfin rẹ̀ sì ti wà láti ọdún 1961. Gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìlànà rẹ̀, akọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ tó ga ju girama lọ pẹ̀lú ìrírí ọdún kan, tàbí kí ó ní ìrírí ọdún 5 lẹ́nu iṣẹ́ náà nílẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ kò rí ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ: ọdún 5 nídìí ẹ̀rọ lè dúró fún ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ jùlọ, kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 18 lọ. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wà, tí akọ́ṣẹ́ àti àwọn tó gbà á yóò fọwọ́ sí. Wọn kò gbọdọ̀ fi í ṣe lébìrà lásán, wọn kò sì gbọdọ̀ fi í rọ́pò òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ físà ń yí padà bí ojú ọjọ́. Ìjọba lè ti ilẹ̀kùn mọ́ orílẹ̀-èdè kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yá owó, kí ó tó gbọ́ láti ẹnu àwọn aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè náà gan-an pé ọ̀nà ṣí.

Ẹ̀kẹrin, owó ẹ̀kọ́ wà nílé ju bí a ṣe rò lọ. Láti ọdún 1971 ni àjọ ITF ti wà. Òfin rẹ̀, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní ọdún 2011, sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún sí àpò ITF. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó lè gba tó ìdajì owó náà padà. Nítorí náà, nígbà tí máníjà bá sọ pé kò sí owó láti kọ́ yín, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè pé: owó ITF tí ilé iṣẹ́ ń san ńkọ́?

OHUN MẸ́FÀ TÍ Ẹ̀KA WA GBỌ́DỌ̀ DÚRÓ LÉ

Bí àǹfààní ìlú ìbejì bá dé, lónìí tàbí lọ́la, ohun mẹ́fà yìí ni kí a dúró lé kí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kankan tó jáde.

1. Kí ètò ẹ̀kọ́ wà lórí ìwé: ohun tí yóò kọ́, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, àti ẹni tí yóò kọ́ ọ. Ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ lọ fi oṣù mẹ́fà gbálẹ̀.

2. Kí a mọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ilé ìwòsàn. Owó iṣẹ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní oṣooṣù. A kò fẹ́ owó tí wọ́n ń bá òṣìṣẹ́ pa mọ́. Ẹ rántí Maputo.

3. Kí ipò rẹ̀ wà nílẹ̀ dè é. Ọdún tó lò lọ́hùn-ún yóò wà lára ọdún iṣẹ́ rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì ní dúró.

4. Páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yóò wà nínú àpò tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí òun bá a tọ́jú rẹ̀, kí ó dá a lóhùn pé òun náà ní àpótí.

5. Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlú tó ń lọ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹ̀ka wa yóò kọ̀wé sí wọn ṣáájú. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ tiwa dí àyè wọn.

6. Kí yíyàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní gbangba, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Kí obìnrin wà nínú rẹ̀ bí ọkùnrin, kí awakọ̀ wà nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kí ó má sì sí ìwé tí yóò sọ òṣìṣẹ́ di ìwọ̀fà, tó jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ kúrò nílé iṣẹ́ lẹ́yìn náà, yóò san owó tí ọmọ rẹ̀ yóò ṣì máa bá a san. Àwọn bàbá wa ti mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́. A kò ní fi ẹnu ara wa pè é padà.

BÍ TÁÍWÒ BÁ PADÀ DÉ

Àwọn kan nínú yín á sọ pé: bí ẹ bá rán an lọ, ṣé yóò padà? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn kan lè má padà. A kò lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ohun tó ń fa ènìyàn padà sílé ni ohun tó ń dúró dè é níbẹ̀. Bí ẹni tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ìgbàlódé ṣe bá padà, tí wọ́n ní kí ó lọ máa fọ bọ́ọ̀sì, ìmọ̀ náà kú nìyẹn. Bí ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ ìrẹsì bá padà, tí fọ́máànù rẹ̀ sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ gba iṣẹ́ mi," ìmọ̀ náà kú nìyẹn. Ojú kì í ti oko lójú ẹni tó ni í. Bí a bá fún un ní àyè, ní irinṣẹ́, àti ní ọ̀dọ́ méjì tí yóò kọ́, yóò mọ̀ pé oko òun ni.

Nítorí náà, àwa náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Kí oṣù kan tó kọjá tí ó dé, yóò dúró níwájú ìpàdé yìí, yóò sọ ohun tí ó rí, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn. Kí ó má fi ìyà tó bá jẹ ẹ́ pamọ́ nítorí ìtìjú, nítorí orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó kàn yóò gùn lọ. Lẹ́yìn náà, yóò kọ́ ènìyàn méjì. Àwọn méjì náà yóò kọ́ méjì méjì. Kì í ṣe òun nìkan la rán. Gbogbo wa la rán án.

Ìbejì sì jẹ́ méjì. Bí tiwa bá lọ, kí tiwọn wá. Kí òṣìṣẹ́ Atlanta wá wo bí mẹkáníìkì wa ṣe ń fi irin tí àwọn ẹlòmíràn ti dà nù mú ọkọ̀ rìn, bí àwọn obìnrin ọjà ṣe ń dá àjọ láìsí báńkì, àti bí alájẹṣẹ́kù ṣe ń kọ́lé fún òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. A ní ohun tí a lè kọ́ni. Ẹni tó bá gbà pé òun kò ní nǹkan kan láti kọ́ni, kò tíì ṣe tán láti kọ́ nǹkan.

Ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ wa ń fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí lónìí. Àkọ́kọ́, kí akọ̀wé wa kọ̀wé sí ìjọba ìdàgbàsókè agbègbè Imota àti sí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ó béèrè àdéhùn ìlú ìbejì tó wà nílẹ̀, àti àyè tó wà fún òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀. Ìkejì, kí àwọn aṣojú wa ní ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń lo owó ITF. Ìkẹta, kí ẹ̀ka wa gba ohun mẹ́fà tí a kà yìí gẹ́gẹ́ bí òfin tiwa, kí a tẹ̀ ẹ́, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní gbogbo ilé iṣẹ́ àti gbogbo gáráàjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò sọ pé kí ẹ má lọ. Ayé tó tọ́ọ́ wò. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má lọ bí ẹni tó ń sá, kí ẹ lọ bí ẹni tí a rán. Ẹni tó ń sá kì í béèrè ìwé. Ẹni tí a rán ní ilé tó ń retí rẹ̀.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa. A ó máa gbọ́ ìbéèrè yín nísinsìnyí.